Òótọ́ àbí irọ́? Ìdájọ́ tí à ń ṣe fún ọmọdé agbábọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà

Oṣù kẹjọ ni iṣu tuntun máa ń kún ọjà, oṣù yẹn náà sì ni sáà bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á tún kún. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìnkùlé, bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba èèyàn márùn-ún á gba mẹ́jọ, ẹni tó wọ aṣọ Chelsea àti ẹni tó wọ aṣọ Arsenal á jókòó ti ara wọn bí orogún. Kí ìdíje kẹta tó parí, ìdájọ́ ti jáde lórí àwọn ọmọ tuntun. "Ọmọ yìí ti di Henry!" "Èyí ò lè gbá bọ́ọ̀lù láéláé, kí wọ́n tètè tà á!"

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, àgbà kan á pòwe lé e lórí: ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n àṣà ọmọ ló ń bá wí, ohun tó ń ṣe lónìí, tó tún ń ṣe lọ́la, tí kò yé ṣe. Kò bá oríire ọ̀sán Sátidé kan wí. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo mẹ́fà nínú ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ara wa.

1. "Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìràwọ̀ ni."

Irọ́ ni.

Ẹ̀yin ará Manchester United, ẹ ò tíì gbàgbé Federico Macheda. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó, ọmọ ọdún 17 péré. Àárín eré ló wọlé, ìgbà tí àsìkò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ló gbá góòlù tí United fi na Aston Villa 3-2. Ta ni kò sọ pé ọba tuntun ti dé? Nígbà tó fi kúrò ní ọdún 2014, góòlù 5 ni gbogbo èyí tó gbá fún wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, ẹgbẹ́ kan náà tún gbé ọmọ mìíràn jáde, Marcus Rashford, ọmọ ọdún 18. Ó gbá méjì sáwọ̀n Midtjylland, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó tún gbá méjì sáwọ̀n Arsenal. Òun ní tirẹ̀ gbá góòlù tó lé ní 130 fún United. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn, ibi tí wọ́n dé kò jọra rárá.

Ìdí rẹ̀ kò le. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tàbí orí dárí sílé nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì, ó lé díẹ̀ ni, ó dín díẹ̀ ni, ẹyọ kan ló ń wọlé. Ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí méjì wọlé ti rí oríire. Ẹni tó gbá mẹ́ta tí kò rí nǹkan kan kò tíì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìdíje mẹ́ta kéré jù láti ya oríire sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ wo ti Ademola Lookman, ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí London. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2017 ló kọ́kọ́ wọlé fún Everton, ó sì gbá góòlù kẹrin sáwọ̀n Manchester City. Bí ẹ bá dájọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ó ní ìràwọ̀ ni. Oṣù kọkànlá ọdún 2020, Fulham fún un ní pẹ́náátì nígbà tí eré wọn pẹ̀lú West Ham fẹ́ tán. Ó fẹ́ dọ́gbọ́n, ó rọra ta bọ́ọ̀lù náà sí àárín ilé, aṣọ́lé gbá a mú wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá dájọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó ní kí wọ́n lé e. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gbá mẹ́ta sáwọ̀n Bayer Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League, Atalanta gba ife, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. Ọkùnrin kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni.

2. "Bí góòlù ò bá tètè wá, kò ní wá mọ́."

Irọ́ gbuu.

Henry tí gbogbo wa fi ń wọn ọmọ, báwo lòun alára ṣe bẹ̀rẹ̀? Oṣù kẹjọ ọdún 1999 ló dé Arsenal láti Juventus, níbi tí wọ́n ti ń lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìdíje mẹ́jọ àkọ́kọ́, kò rí ẹyọ kan gbá sáwọ̀n. Wenger, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò yẹsẹ̀, iwájú ilé gan-an ló ń fi í sí. Kí sáà náà tó parí, Henry ti gbá 26. Nígbà tó fi Arsenal sílẹ̀ pátápátá, ó ti di 228, kò sì tíì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà.

Ti Victor Osimhen tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wolfsburg mú un lọ sí Jámánì ní oṣù kìíní ọdún 2017. Kò gbá góòlù kankan nínú líìgì níbẹ̀. Ó fara pa, ibà tún mú un, ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀m dán an wò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Charleroi ló gbà á ní ọdún 2018, ó sì gbá 20 fún wọn. Ní sáà 2022/23, góòlù 26 ló gbá nínú líìgì Ítálì, Napoli sì gba ife líìgì tí ojú wọn ti ń wá fún ọdún 33. Ẹni tó bá pè é ní òkúta ní Wolfsburg, kí ló rí? Ọmọ ọdún 18 tó wà lókèèrè, tí ara rẹ̀ kò yá. Ohun tó rí nìyẹn, kò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

3. "Ọ̀gá àwọn ọmọ ọdún 17 yóò di ọ̀gá àwọn àgbà."

Irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó mọ èyí bíi tiwa, nítorí ìgbà márùn-ún ni Nàìjíríà ti gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́langba. Ní ọdún 2007, Macauley Chrisantus ló gbá góòlù jù, 7. Ní ọdún 2009, Sani Emmanuel ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Ní ọdún 2015, Kelechi Nwakali tó jẹ́ balógun ikọ̀ ló gba àmì ẹ̀yẹ náà, Osimhen tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì gbá 10. Arsenal ra Nwakali ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì gba ìdíje kankan fún ikọ̀ àgbà wọn. Kelechi Iheanacho tó gba ti ọdún 2013 ní tirẹ̀ rìn jìnnà. Nítorí náà, àmì ẹ̀yẹ ọmọdé ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ, kò sọ ohun tó wà nínú yàrá.

Ọjọ́ orí náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti kó bá wa rí: FIFA fi ìyà ọdún méjì jẹ Nàìjíríà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989 torí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu, láti ọdún 2009 ni wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Àmọ́ kódà níbi tí kò ti sí irọ́ kankan, oṣù tí wọ́n bí ọmọ lè tan ojú jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́. Bukayo Saka, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n bí i, ó wà lára àwọn tó dàgbà jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Eberechi Eze, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ó wà lára àwọn àbíkẹ́yìn. Arsenal kan náà tó di Saka mú láti kékeré ló ní kí Eze máa lọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Fulham, Reading àti Millwall náà jẹ́ kó lọ. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Eze yìí ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Crystal Palace fi gba ife FA mọ́ Manchester City lọ́wọ́ ní Wembley. Kó tó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn àṣekágbá náà, Arsenal ti fi owó ńlá ra Eze padà.

4. "Akọ́nimọ̀ọ́gbá ń mú un jókòó, a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n gbá."

Irọ́ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ bi ará Chelsea léèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n ta Kevin De Bruyne, tó ń jókòó lọ́dọ̀ wọn, fún Wolfsburg. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ra Mohamed Salah, òun náà lọ jókòó, wọ́n sì yá a fún Fiorentina lẹ́yìn ọdún kan. De Bruyne gba ife líìgì Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà pẹ̀lú Manchester City. Salah dé Liverpool ní ọdún 2017, ó sì gbá 32 nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tó jókòó lè jẹ́ ẹni tí kò bá ọ̀nà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn ń gbà ṣeré mu, tàbí kó jẹ́ pé àgbà kan ló wà níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí bẹ́ǹṣì lè sọ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ náà dìde. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹgbẹ́ ti ń na èèyàn 4-0 nìkan ni, wọ́n kàn ń fi atẹ́gùn kàn án ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tó kù ìṣẹ́jú 15 tí eré ṣì wà ní 1-1, ẹ mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ti rí nǹkan kan lára rẹ̀ nídìí ìgbáradì, bí góòlù kò tilẹ̀ tíì sí.

5. "Líìgì tiwa ò lè mú ọmọ gidi jáde."

Irọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́.

Àkúrẹ́ tó múlé gbè wá ni ilé Sunshine Stars. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ yìí wà lára mẹ́rin tó kù nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró. Nínú ikọ̀ yẹn ni Godfrey Oboabona ti ń gbá ẹ̀yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Stephen Keshi fi í ṣe ẹ̀yìn Super Eagles, a gba ife Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà, góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso nínú àṣekágbá sì wá láti ẹsẹ̀ Sunday Mba, ẹni tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì wa. Àkúrẹ́ yìí ni wọ́n tún bí Victor Boniface sí, ẹni tó wà nínú ikọ̀ Leverkusen tó gba líìgì Jámánì ní ọdún 2024 láìfìdí rẹmi. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ọmọ tó bá dára ní líìgì wa kì í pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tí kò bá lọ wò ó ní pápá, orúkọ rẹ̀ ni yóò gbọ́ láti òkèèrè, á sì rò pé òkèèrè ló ti hù.

6. "Bí wọ́n bá ń lo ọmọdé lálòjù, wọ́n á bà á jẹ́."

Òótọ́ ni. Èyí sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń sọ ọ́ kéré jù.

Michael Owen bá àwọn mìíràn pín ipò ẹni tó gbá góòlù jù nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì ní sáà 1997/98, ó sì tún bá àwọn mìíràn pín in ní sáà tó tẹ̀ lé e, 18 lẹ́ẹ̀mejì, kó tó pé ọmọ ogún ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já nínú ìdíje pẹ̀lú Leeds. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé láti ọjọ́ náà lara òun kò ti bọ̀ sípò tán. Ó ṣì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Yúróòpù ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n eré sísá tí a mọ̀ ọ́n sí ti ń dín kù kó tó pé 25. Egungun ọmọdé ṣì ń gùn, iṣan tó so mọ́ ọn ń sáré lé e bá. Nígbà tí ẹ bá rí i tí Arsenal ń lo ọmọ ọdún 15 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n tún ń mú un jókòó, bí wọ́n ti ṣe fún Ethan Nwaneri ní ọdún 2022, ẹ má bú akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Kí ni kí a máa wò, nígbà náà?

Ẹ wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe léraléra. Ṣé ó ń dé ibi tí góòlù ti ń wá, bí bọ́ọ̀lù náà tilẹ̀ ń fò kọjá? Ẹni tó ń débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú eré kọ̀ọ̀kan yóò gbá a sáwọ̀n lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣé ó ń sáré padà, àbí ó ń na ọwọ́ sí rẹfirí? Kí ó tó gba bọ́ọ̀lù, ṣé ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ẹ kà á fún ìdíje mẹ́wàá, kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n kì í fi púpọ̀ nínú èyí hàn wá, nítorí bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ojú rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, tàbí kó lọ sí pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó, kó yan ọmọ kan ṣoṣo, kó sì máa wo òun nìkan fún ìṣẹ́jú 90, yálà bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tàbí kò sí. Yóò padà dé ilé ìwòran pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti já ní koro.