Ọdún lọ tán, ebi ò bá a lọ: Owó kékeré àwọn oníṣòwò ló lè gbé àwọn tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn n'Ílọrin ró

Bí àwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti ku díẹ̀ kó parí, tàbí tí Kérésìmesì bá ti ń wọlé bọ̀, àlejò kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn n'Ílọrin. Wọ́n á já àpò ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á gbé páálí Indomie àti gálọ́ọ̀nù òróró tẹ̀ lé e, wọ́n á to àwọn ọmọ síwájú ẹ̀, oníkámẹ́rà á ya fọ́tò, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ. Kò burú. Ọmọ tó jẹun yó lọ́jọ́ ọdún, ó jẹun yó náà ni. Ṣùgbọ́n oṣù tí kò ní ọdún kankan nínú ló máa ń dán àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wò, oṣù kejì, oṣù karùn-ún, oṣù kẹwàá, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ ń jẹun lójoojúmọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kì í sì í gba owó oṣù. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin àti ti Kwara Poly ò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tankẹ àti Òpópónà Táíwò. Tó bá di Sátidé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wọ kéké lọ sí Gáà Akanbí tàbí Òkelele, láti lọ wo ọmọ tí bàbá ẹ̀ ti kú, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n á wò ó bóyá ó lọ síléèwé lọ́sẹ̀ náà, bóyá wọ́n ti dá a padà nítorí owó, bóyá ikọ́ tó ń wú lọ́jọ́sí ti lọ. Iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn. Ti ìrẹsì yẹn, àfikún ni.

Oníṣòwò ló yẹ kó tètè yé pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ kì í gba owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kéké tó wọ̀ ń gba owó, káàdì tó fi ń pe iléèwé ọmọ náà ń gba owó. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, iye tí ìjọba fi sórí lítà kan kò tó N200. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó ti di N500 ó lé. Oníṣòwò fi owó kún ọjà ẹ̀, ó sì ní kí oníbàárà má bínú, bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹ́ aláàánú ò ní oníbàárà tó máa fi owó kún ọjà fún. Ọmọ tó ń gba ìwé kíkọ lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní kọ́bọ̀. Bí owó ọkọ̀ bá ti di ìlọ́po méjì, ọ̀nà méjì ló kù: kí ẹni tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ fi owó àpò ara ẹ̀ wọkọ̀, tàbí kí ilé mẹ́rin tí wọ́n ń yà lọ́sẹ̀ di méjì.

Àwọn ọmọ náà sì pọ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2008 sọ pé ọmọ mílíọ̀nù 17.5 ló jẹ́ òrukàn tàbí tó wà nínú ìnira tó lè ba ayé wọn jẹ́ ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 7.3 nínú wọn ló sì jẹ́ òrukàn. Nínú ìṣirò UNICEF, kò dìgbà tí bàbá àti ìyá bá kú tán kí wọ́n tó pe ọmọ ní òrukàn. Bí ọ̀kan bá ti kú kí ọmọ tó pé ọdún 18, ó ti wọ̀ ọ́. Ìpínlẹ̀ Kwara ò sì ní tètè gbàgbé oṣù kẹfà 2023, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ìgbéyàwó bọ̀ dà nù lágbègbè Pátígì, tí èèyàn tó lé ní 100 bá omi lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo lèyí.

Tẹ́lẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè máa ń ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Láti ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà ti ń ná owó lórí àwọn ọmọ tí àrùn éèdì sọ di òrukàn nílẹ̀ Áfíríkà lábẹ́ ètò PEPFAR. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Donald Trump ní kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ná, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún náà, USAID ti kógbá wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá fi gbogbo ọkàn lé irú owó bẹ́ẹ̀, àfi kó wẹ̀yìn wò, kó wo àdúgbò tó wà.

Ẹ wá fi ìṣirò ọjà wò ó. Ká ní ẹgbẹ́ kan ń tọ́jú ọmọ 20, tó sì ń ná N5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, fún ìwé, oògùn àti owó ọkọ̀ àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n wò. N100,000 lóṣù nìyẹn, mílíọ̀nù kan àti N200,000 lọ́dún. Bí olówó kan bá gbé N500,000 kalẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á lu ìlù fún un, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún péré ni owó náà máa gbé wọn dé. Tó bá wá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù 50 ló ń yọ N2,000 sílẹ̀ lóṣooṣù, owó ọdún pé nìyẹn, ọjà ẹnikẹ́ni ò sì dá dúró. Bí mẹ́ta nínú àwọn 50 yìí bá yẹ̀, N94,000 ṣì máa wọlé. Bí olówó kan ṣoṣo yẹn bá yẹ̀ ńkọ́?

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀dọ́kùnrin kan wà nílẹ̀ Austria tó ń jẹ́ Hermann Gmeiner, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó rí bí ogun ṣe sọ àwọn ọmọ di òrukàn, ó sì fẹ́ kọ́lé fún wọn, ṣùgbọ́n owó tó ní nílé kò ju 600 schilling lọ, ìyẹn owó ilẹ̀ wọn nígbà náà. Ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn aráàlú ni pé kí kálukú máa fi schilling kan ṣoṣo sílẹ̀ lóṣooṣù. Ìlú Imst ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé àkọ́kọ́ lọ́dún 1949. Bí SOS Children's Villages ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó fi tàn káàkiri ayé. Ọdún 1973 ló dé Nàìjíríà, ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó, ó sì ti dé Òwu-Ìjẹ̀bú, Gwagwalada àti Jos lẹ́yìn náà.

Ibo wá ló yẹ kí owó náà lọ? Ibí yìí gan-an ló kan oníṣòwò jù. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ aláàánú lọ́kàn ni pé kí wọ́n kọ́ ilé ńlá, kí wọ́n kó ọmọ sí i. Àwọn ọmọ kan wà tí kò ní ẹnikẹ́ni, ilé bẹ́ẹ̀ tọ́ sí wọn. Àwọn tó pọ̀ jù, ìyá wọn ṣì wà láyé, tàbí kí ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá wà nílẹ̀ tó gbà wọ́n sílé. Owó ni kò sí. Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2009 lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àìlówó nìkan kò tó ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹbí ẹ̀. Ẹbí náà ni kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjà alágbàtọ́ ni ọ̀pọ́n oúnjẹ ọmọ. Opó tó ń din àkàrà ní Bàbókò, bí ẹ̀wà àti òróró bá gbówó lórí, tó bá ti fi ọwọ́ kan owó ọjà, owó iléèwé ọmọ ló máa kọ́kọ́ tibẹ̀ lọ. Àpò ìrẹsì kan tí ẹ gbé fún un, jíjẹ ló máa jẹ ẹ́ tán. Àpò ẹ̀wà kan, títà ló máa tà á, á sì tún òmíràn rà.

Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ wà lára ohun tó ti ṣiṣẹ́ fún irú àwọn alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Kì í ṣe àjọ tí gbogbo wa mọ̀, níbi tí ẹnì kan ti ń kó gbogbo ẹ̀ bó bá kàn án, tàbí tí alájọ ti lè kó owó sá lọ. Ní Maradi nílẹ̀ Niger lọ́dún 1991 ni àjọ CARE ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé, wọ́n pè é ní Mata Masu Dubara, ìyẹn àwọn obìnrin tó mọ ọgbọ́n dá. Èèyàn bíi 15 sí 25 tó mọ ara wọn ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olúkúlùkù á fi ohun tágbára ẹ̀ ká sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Inú àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta ni owó máa ń wà. Èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tí àpótí wà nílé ẹ̀ kì í sì í sí lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún ọjà á yá nínú ẹ̀, á dá a padà pẹ̀lú èlé díẹ̀. Wọ́n tún máa ń ya owó kékeré kan sọ́tọ̀ fún àìsàn àti òkú òjijì. Tí ọdún bá yí po, wọ́n á pín gbogbo owó àti èlé ẹ̀ bí kálukú ṣe fi sílẹ̀ tó. Èlé náà kò kúrò láàrin wọn, ìyẹn ló sì mú kó dùn. Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkọ owó, kí wọ́n sì jókòó tì wọ́n lóṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba Kwara náà, lábẹ́ Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq, ti ṣe ètò Owó Ìṣòwò fún àwọn tó ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n owó ìjọba, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé.

Ohun mìíràn wà tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi sílẹ̀ tí owó ò lè rà. Ìlú tó ń hun aṣọ òkè, tó ń mọ ìkòkò ní Dada ní Òkelele ni Ìlọrin, ìlú tí télọ̀, wẹ́dà àti mẹkáníìkì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ọ̀gá tó bá gba ọmọ òrukàn kan láìgba owó ìkọ́ṣẹ́ ti ṣe ju ẹni tó gbé páálí Indomie mẹ́wàá wá. Ṣùgbọ́n kó má di pé ọmọ ọ̀fẹ́ ló rí tó ń rán níṣẹ́ kiri. Òfin UBE ọdún 2004 sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé dé JSS 3; kó tó dé ibẹ̀, àsìkò ọlidé nìkan ló yẹ kó wá wo iṣẹ́. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ọjọ́ tó máa gba fúríìdọ̀mù wà nínú ẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó mú un wá sì máa yà á wò.

Ẹ̀rù ẹ̀tàn ló ń dá ọ̀pọ̀ oníṣòwò dúró, ẹjọ́ wọn kọ́. Àmọ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ ọjà sílẹ̀ ní CAC kò ní ṣàì mọ ohun tó máa béèrè. Business Name kọ́ ni ti ẹgbẹ́ aláàánú, Incorporated Trustees ni. Kí wọ́n tó fún wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i sọ ọ́ láàrin ọjọ́ 28. Òfin CAMA ọdún 2020 kò gbà kí àwọn alákòóso pín owó ẹgbẹ́ láàrin ara wọn bí èrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ro ẹjọ́ ọdọọdún fún CAC láàrin ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Báńkì tún máa ń béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC, lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ ló yẹ kó wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ń kó ọmọ sílé, kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ hàn.

Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn tí wọn ò tíì rí owó ìforúkọsílẹ̀ san. Kì í ṣe olè ni wọ́n. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ lè lọ san owó iléèwé ọmọ fún iléèwé fúnra ẹ̀, kó gba rìsíìtì, tàbí kó fi ọjà dípò owó. Ẹgbẹ́ tó bá sì fi ìwé ìṣirò ẹ̀ hàn láìjanpata, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé kíkọ ọmọ iléèwé ló fi ń kọ ọ́, ó sàn ju èyí tó ní fọ́tò rẹpẹtẹ tí kò ní rìsíìtì kan.

Ìwé ìṣirò yìí gan-an ló máa ń wọ́n wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ọ́ á jáde, NYSC á gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó kù á ṣègbéyàwó. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ á máa gbé gbogbo owó náà kiri lórí. Oníṣòwò tó ti ń kọ ìwọlé-jáde owó fún ọdún mẹ́wàá lè fún wọn ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Oníwèé títẹ̀ lè bá wọn tẹ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ní ọkọ̀ tó ń kó ọjà lọ sí Gánmọ̀ lè gbé èèyàn méjì sí i.

Ní ti ìwé àti aṣọ iléèwé, oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ máa ń wọlé, ó sì ti máa ń gbówó lórí láti ìparí oṣù kẹjọ. Ẹni tó ń tà á ní Ọjà Ọba tó bá fẹ́ yọ páálí kan sílẹ̀, oṣù keje ni kó yọ ọ́, kó pe ẹgbẹ́ náà kí wọ́n wá gbé e.