Ìwúwo Mẹ́kúrì ní Yàrá Sáyẹ́ǹsì

Bí a bá bu mẹ́kúrì kún ìgò tó ń gba omi lítà kan, nǹkan bí kìlógíráàmù 13.6 ni yóò wọ̀n. Omi kò ju kìlógíráàmù 1 lọ. Ìdí nìyí tí ìṣó irin fi ń léfòó lórí rẹ̀.

Ní Port Harcourt, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ a máa gbé mẹ́kúrì dúró nínú ọ̀pá gíláàsì dé nǹkan bí mìlímítà 760. Ká ní omi la lò ni, ọ̀pá náà yóò ga ju mítà 10 lọ, bí ilé alájà mẹ́ta! Ìfúnpá 120 tí nọ́ọ̀sì ń kà, mìlímítà mẹ́kúrì náà ni.

Ṣùgbọ́n bí tẹmómítà bá fọ́, ìwúwo yìí kan náà a di wàhálà. Bí a bá dà á sí síǹkì, yóò rì sí ìsàlẹ̀ páìpù, omi kò sì ní lè gbé e lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti máa tú oru olóró jáde díẹ̀díẹ̀, oru tí kò ní òórùn tí a ó fi mọ̀. Kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Páálí méjì ni kí ẹ fi kó o sínú ìgò tó ní ìdérí.