Ọjọ́ Kan Ní Assisi, Ìlú Orí Òkè

Ó ti pẹ́ tí ìyá tí ó bí wa ti ń wí pé bí Ọlọ́run bá mú òun dé Róòmù, òun yóò fi ẹsẹ̀ òun tẹ Assisi pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí a gbéra láti Lọ́ndọ̀nù, níbi tí a fi ṣe ibùgbé, tí a lọ lo ìsinmi ní Róòmù, àwa àti aya wa, ọmọ wa méjèèjì àti ìyá wa, a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìlú náà. Ju wákàtí méjì lọ ni a lò nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì gùn lójú wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ àwa àti àkọ́bí wa kò kọjá "Ẹ káàárọ̀, Bàbá" àti "Ṣé o jí ire?" Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni a fi í sí. Ó ní òun kò ṣe é mọ́, iṣẹ́ káfíńtà ni òun fẹ́ kọ́.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń gúnlẹ̀ sí. Assisi fúnra rẹ̀ wà lókè, ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Subasio. Òkúta òkè náà, tí ó funfun tí ó sì pọ́n díẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ ìlú náà, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ ibi tí òkè parí sí tí ilé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ìyá wa. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó mà jọ abẹ́ Olúmọ o, àfi pé tiwa dúdú." Bọ́ọ̀sì gbé wa gòkè, ṣùgbọ́n láti ẹnubodè, ẹsẹ̀ ni. Àwọn òpópó ibẹ̀ tóóró, wọ́n sì ga bí àkàbà. Àkọ́bí wa di ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. A rí i, a kò sọ nǹkan kan.

Ó yẹ kí a rántí ẹni tí ó sọ ìlú yìí di ibi tí ayé ń rọ́ lọ. Pietro Bernardone jẹ́ oníṣòwò aṣọ, ó sì lówó. Francis ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn kan nínú ilé ìsìn San Damiano tí ó ti di àlàpà, pé kí ó tún ilé Ọlọ́run ṣe. Ọmọ náà kó aṣọ bàbá rẹ̀ lọ sí Foligno, ó tà á, ó sì ta ẹṣin tí ó gùn lọ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ nínú ilé. Ìyá rẹ̀ ni ó tú u sílẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò. Ní 1206, Bernardone pè é lẹ́jọ́ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀ ni Francis ti bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ó kó o fún bàbá rẹ̀, ó ní Bàbá tí ń bẹ lọ́run nìkan ni òun ní láti ìgbà náà lọ.

Ó kú ní 1226. Ní 1228 Póòpù Gregory IX kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ó sì fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn ńlá lélẹ̀ fún un ní ọjọ́ kejì. Ilé ìsìn méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, ibojì sì wà nísàlẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, 1997, ilẹ̀ mì tìtì, òrùlé ti òkè wó pa ènìyàn mẹ́rin. Ní 1999 ni wọ́n tún un ṣí. Àwa kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, a kò sì kúnlẹ̀ níbi ibojì. Ìyá wa, tí òun náà kì í ṣe ọmọ Àgùdà, kúnlẹ̀ ní tirẹ̀. A kò bi í léèrè.

Lára ògiri ilé ìsìn òkè ni wọ́n ya ìtàn Francis sí, àwòrán méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ Giotto ni. A dúró níwájú èyí tí ó fi ìgbẹ́jọ́ náà hàn. Bernardone há aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́ apá. Ọkùnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú kí ó má baà fi lu ọmọ. Francis gbójú sókè, Bíṣọ́ọ̀bù ń fi aṣọ bò ó. Àlàfo kan wà láàrin bàbá àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí.

Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bi wá pé, "Bàbá, ṣé Francis kò rú òfin karùn-ún ni?"

A kò rí èsì fún un. Nígbà tí a yíjú padà láti wá àkọ́bí wa, ó ti wà nídìí àwọn ìjókòó akọrin tí Domenico Indivini àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi igi ṣe láàrin 1491 àti 1501, tí wọ́n fi igi aláwọ̀ oríṣiríṣi ya àwòrán sí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo bí igi kan ṣe wọ inú èkejì.

Àwọn ènìyàn a máa fi Bernardone ṣe ẹni burúkú. Ní tiwa, àánú rẹ̀ ṣe wá. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán alẹ́ ọjọ́ náà ní ilé rẹ̀. Ìtàn ìgbà náà sọ pé nígbàkúgbà tí ó bá pàdé ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, èpè ni ó ń ṣẹ́ fún un, Francis sì bẹ tálákà kan pé kí ó máa súre fún òun dípò bàbá òun. A kò kà á níbìkan pé wọ́n làjà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìsìn tí à ń pè ní Chiesa Nuova ní 1615 sí ibi tí wọ́n gbà pé ilé Bernardone wà. Níta rẹ̀ ni ère idẹ bàbá àti ìyá Francis dúró sí, ẹ̀wọ̀n tí ìyá náà tú kúrò lára ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wa fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n náà.

"Ọmọ mi, nígbà tí bàbá rẹ ní ìsọ̀ ni o máa jókòó tì, pé o kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ta ni ó bẹ̀ ẹ́ mọ́jú?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá mi."

"Ó dáa." Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó pe àkọ́bí wa kí ó wá fa òun lọ́wọ́.

A ya Santa Maria Maggiore, lẹ́bàá ààfin Bíṣọ́ọ̀bù níbi tí ìgbẹ́jọ́ náà ti wáyé. Níbẹ̀ ni Carlo Acutis sùn sí nínú ibojì onígíláàsì, pẹ̀lú ṣòkòtò jíǹsì àti bàtà eré ìdárayá. Lọ́ndọ̀nù ni a bí i sí ní 1991, ó kú ní 2006, Póòpù Leo XIV sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, 2025. Ọmọbìnrin wa kígbe pé, "Ọmọ Lọ́ndọ̀nù bíi tèmi!" Wọ́n ní kí ó dákẹ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a tún wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá wa sùn. A wo àkọ́bí wa, a sì bi í pé, "Àwọn ìjókòó akọrin yẹn, báwo ni wọ́n ṣe mú igi kan wọ inú èkejì tó bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ojú wa, bóyá ẹ̀sín ni. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó tọrọ bébà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sún mọ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yà á. Kò tíì parí àlàyé nígbà tí a dé Róòmù.