Kí Ẹ Tó Padà Sílé, Ẹ Wo Dáàmù Tó Wà Lókè Yín

Ẹ̀yin ará wa ní Ẹ̀júkù, bí ilé yín bá wà nísàlẹ̀ adágún tí ẹnìkan dí fún ìgbafẹ́ tàbí ẹja, ẹ ka èyí kí ẹ tó kó ẹrù padà.

Dáàmù kékeré kì í ṣe ohun kékeré. Ọdún 1964 ni wọ́n dí odò Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò ńlá mú un kún àkúnya, omi sì ba oko ẹja jẹ́.

Erùpẹ̀ ni ògiri ọ̀pọ̀ irú dáàmù bẹ́ẹ̀. Bí omi bá gba orí rẹ̀ kọjá, yóò máa wọ́ erùpẹ̀ náà lọ títí ògiri yóò fi ya. Nítorí náà, kí ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde ṣí gbangba. Kí pàǹtírí tàbí àwọ̀n ẹja má dí i. Kí ẹni tó ni dáàmù gé igi orí ògiri nígbà tó ṣì kéré, kí ó sì dí ihò òkété.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri láti ọ̀ọ́kán. Omi mímọ́ tó ń sun díẹ̀ gba ìṣọ́ra. Èyí tó ń gbé ẹrẹ̀ jáde, ewu ti dé nìyẹn. Ẹ gba ilẹ̀ gíga lọ, ẹ kìlọ̀ fún aládùúgbò, ẹ ránṣẹ́ sí ọba àti SEMA.

Bí ó bá ṣòro láti bá ẹni tó ni dáàmù sọ̀rọ̀, ẹ wá bá wa. A ó bá yín lọ. Òun nìkan kọ́ ló ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀.