Ṣọ́ọ̀bù Opó kan àti Ẹ̀rí-Ọkàn Káfíńtà kan: Àgbéyẹ̀wò Sinimá Obchod na korze

Ọ̀pọ̀ sinimá tó dá lórí ìjọba Násì ló máa ń darí ojú olùwòran sí ọ̀gágun tó ń pàṣẹ ikú, tàbí sí akọni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti gba ẹlòmíràn là. Àwọn tó pọ̀ jù láwùjọ nígbà náà kò sí nínú ìsọ̀rí méjèèjì yìí. Irú wọn ni Obchod na korze, 'Ṣọ́ọ̀bù Ojú Pópó', gbé yẹ̀wò. Ján Kadár àti Elmar Klos ló darí sinimá náà ní Czechoslovakia ní ọdún 1965, láti inú ìtàn tí Ladislav Grosman kọ. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún sinimá èdè ilẹ̀ òkèèrè tó dára jù lọ.

Ìlú kékeré kan ní Slovakia ni ibùdó ìtàn náà, ní ọdún 1942. Kì í ṣe ọmọ ogun Jámánì ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìjọba Slovakia fúnra rẹ̀, lábẹ́ Jozef Tiso tó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Hitler. Ó ṣe òfin tó gba okòwò lọ́wọ́ àwọn Júù, tó sì fi í lé àwọn tí kì í ṣe Júù lọ́wọ́. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá ọdún náà, nǹkan bí 58,000 Júù ni wọ́n kó kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ìjọba Slovakia ló tún gbà láti san 500 owó máàkì fún Jámánì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan!

Tono Brtko, káfíńtà tí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yá fún, ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Kò kórìíra Júù kankan. Ọkọ arábìnrin ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba nílùú, Tono kò sì fẹ́ràn ọkùnrin náà rárá. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọtí ti wọ̀ wọ́n lára, àna yìí gbé ìwé àṣẹ kan lé e lọ́wọ́, èyí tó sọ ọ́ di alábòójútó ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì opó Júù kan, Rozália Lautmannová. Ìyàwó Tono, tí ọrọ̀ ti ń wù tipẹ́, yọ̀ ṣìnkìn. Tono gba ìwé náà.

Ìyá arúgbó yìí, tí Ida Kamińska ṣe ipò rẹ̀, kò gbọ́ràn dáadáa, kò sì mọ ohun tó ń lọ. Ó gbà pé ìbátan òun ló wá ran òun lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tilẹ̀ mú èrè wọlé. Ìtọrẹ àwọn Júù yòókù ni ìyá ń jẹ. Kí ìjọba má bàa rán ìkà wá dípò Tono, àwọn Júù ìlú gbà láti máa sanwó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó tẹ́wọ́ gbà á.

Ibí yìí ni ọgbọ́n sinimá náà fara sin sí. Tono ń tún àga ìyá ṣe. Ìyá fún un ní aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ìfẹ́ bí ti ìyá sí ọmọ wọ àárín wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ló ń sanwó fún ẹni tí ìrẹ́jẹ náà ṣe láǹfààní, kí inú rere rẹ̀ má bàa tán. Ẹni tó bá pe Tono ní onínúure lásán ti gbàgbé owó yìí. Etí ìyá ló di. Tono ló yàn láti má sọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, wọ́n kó wọn jọ sí ìta ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti mú Kuchár, ọ̀rẹ́ tó ń ran àwọn Júù lọ́wọ́, wọ́n sì ti fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ba Tono, ó ń mu ọtí. Bó ti ń rò ó láti fi ìyá pamọ́, bẹ́ẹ̀ ló tún ń rọ̀ ọ́ kó jáde lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń wọ́ ọ. Ìyá wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, jìnnìjìnnì bò ó. Bí Tono ti rí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń yọjú lójú fèrèsé, ó tì í wọ inú yàrá kékeré kan. Ìyá ṣubú, ó kú. Tono pokùnso.

Kò sí ará Jámánì kankan tó fọwọ́ kan Rozália Lautmannová.

Lẹ́yìn èyí, àwọn olùdarí fi àwòrán kan kún un: ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, Tono àti ìyá jáde sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú aṣọ àríyá, wọ́n ń jó lọ. Ó rọrùn láti gba èyí bí ìtùnú. Ṣùgbọ́n ìta ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ti kó àwọn Júù jọ ní ọjọ́ yẹn gan-an.