Ṣé o mọ̀ pé ọpọlọ náà ní odi?

Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó ju 600 lọ, yóò mọ ìdí tó fi ṣòro fún ọ̀tá láti ká ará ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè náà mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rí: odi kan wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí májèlé wọlé. Ohun rere ni, àmọ́ odi yìí kan náà ló ń dá ọ̀pọ̀ oògùn padà.

Ìró lè ṣí i. Wọ́n á fa ìhó afẹ́fẹ́ tíntìntín sí aláìsàn lára, wọ́n á wá dojú ìró tí etí ò lè gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún, kọ ibi tí wọ́n fẹ́. Ìhó náà á máa wú, á tún máa fún pọ̀, odi á sì lanu díẹ̀. Kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, á ti padé.

Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń ṣọ́ iṣẹ́ náà. Gadolinium, èròjà tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kí àwòrán lè hàn, tí odi kì í gbà láyè, á jò wọlé níbi tó ṣí, ibẹ̀ á sì funfun báláú nínú àwòrán. Bí kò bá funfun, odi ò tíì ṣí nìyẹn.

Ní Toronto, lọ́dún 2015, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn láìla agbárí. Ní 2024, àwọn dókítà West Virginia ròyìn pé àwọn lò ó fún aláìsàn mẹ́ta tó ní Alzheimer, àrùn tó ń ba ìrántí jẹ́.