Ta Ló Gbè É? Ipò Ẹlẹ́gbè Nínú Orin Obìnrin Orí Àwo

Níbi ìnáwó ní Koko, ní agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin, bí àwọn obìnrin bá ń kọrin, ẹnì kan ló ń lé e. Bó bá lé e dé ibi tó ti fẹ́ mí, àwọn yòókù á gbà á. Ègbè nìyẹn. Adárin tí kò ní ẹlẹ́gbè dà bí ẹni tó kí ilé tí kò rí ẹni jẹ́ ẹ. Síbẹ̀, bí ìnáwó bá tán, orúkọ adárin nìkan ni àlejò máa ń gbé lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú sórí àwo ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Okeh gba ohùn Mamie Smith sílẹ̀ ní New York, nínú orin tó ń jẹ́ "Crazy Blues". Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọ blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, sórí àwo, àwo náà sì tà wàràwàrà. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Mamie Smith àti àwọn Jazz Hounds rẹ̀. Àwọn wo ni Jazz Hounds? Willie "The Lion" Smith ní òun lòun tẹ dùùrù. Àwọn mìíràn ní Perry Bradford, ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà, ni. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Ti Bessie Smith, akọrin blues mìíràn, yàtọ̀, nítorí a mọ àwọn tó gbè é. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 1925, ó kọ "St. Louis Blues" fún ilé-iṣẹ́ Columbia. Kò sí ìlù níbẹ̀ rárá. Fred Longshaw ló tẹ dùùrù alátẹ́gùn, irú èyí tí ń dún bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Louis Armstrong, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ló fọn kọ̀nẹ́ẹ̀tì, fèrè idẹ kékeré. Kò sí makirofóònù nínú iṣẹ́ náà. Ihò ńlá kan bí àrọ ló ń gba ohùn wọlé, kálukú sì ní láti dúró síbi tí ohùn rẹ̀ kò ti ní bo ti ẹlòmíràn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwo yẹn. Bessie á kọ ìlà kan, á dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni fèrè Armstrong ti ń dá a lóhùn, tí yóò sì ti panu mọ́ kí obìnrin náà tó tún lanu. Kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sáàárín ègbè yóò mọ̀ pé ẹlẹ́gbè gidi ni ọmọkùnrin yìí.

Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, wákà ló sún mọ́ irú orin yìí jù. Ọ̀rọ̀ Haúsá tó túmọ̀ sí orin ni wákà, àwọn obìnrin Mùsùlùmí ló sì ni ín. Bàtílì Àlàkẹ́, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló kọ́kọ́ gbé e sórí àwo. Ní ọdún 1976, Sàláwà Àbẹ̀ní, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, gbé àwo tirẹ̀ jáde ní Leader Records láti fi ṣèdárò Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà gba orúkọ kan ṣoṣo, Waka Modernizers, bí ìgbà tí gbogbo wọn jẹ́ ènìyàn kan.

Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́gbè kò kéré. Ìgbà tí ẹlẹ́gbè bá ń gbè ni adárin ń mí, tó sì ń ro oríkì ẹni tó kàn. Bí ègbè bá pẹ́ wọlé, orin á fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ka títì orúkọ wọn sẹ́yìn sí gbèsè tí a jẹ wọ́n.

Ó rọrùn láti san án báyìí. Láti Koko dé Savalou, fóònù ni a fi ń gba orin àwọn ìyá wa sílẹ̀. Bí orin bá parí, ẹ má tíì pa á. Ẹ yí i sọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn, kí ẹlẹ́gbè àti onílù dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ wọn sì wà nínú ohùn kan náà pẹ̀lú orin tí wọ́n gbè.